Ọbẹ̀ Ata Ẹran Màlúù àti Ẹ̀wà fún Ìgbà Ọyẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ìgbà ọyẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí ọjà ò jẹ́ kí wọ́n lè wá.)

    

Àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tó yẹ ká máa sè nílé ní ìgbà òtútù. Kí a tó dìde rárá làwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ pé ta ló fẹ́ kọ́ obìnrin Ìbàdàn ní ọbẹ̀ sísè. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkòkò kan ló gbé wa dìde, ìkòkò ẹran àti ẹ̀wà tí ọ̀kan nínú wa sè ní ọyẹ́ tó kọjá, tó sì gbé e dànù láì tíì tọ́ ọ wò. A ó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí obìnrin náà fi gbé ìkòkò kaná.

Gbogbo wa la mọ bí ìdájí ọjà ṣe máa ń rí tí ọyẹ́ bá ti dé, láti nǹkan bí oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì. Ọkọ̀ àwọn ará Òkè Ọya á ti dé láti òru. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì á ti wà nílẹ̀. Kùrukùru á bo ojú ọ̀nà, eruku á bo kùrukùru. A ó ró ìró méjì, a ó wé gèlè mọ́ etí, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Kí la wá jẹ? Búrẹ́dì àti mínírà tútù! Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á mú, èrò á pọ̀, a ò ní rántí ikùn mọ́. Tó bá di alẹ́, ohun tí a bá rí rà lójú títì la ó gbé délé fún ọmọ àti ọkọ. Àwa tí à ń ta ata, tí à ń ta ẹ̀wà, tí à ń ta àlùbọ́sà, tí à ń ta ẹran, àwa gan-an ni oúnjẹ gbígbóná ò kàn.

Ẹ ò ní gbàgbé aláta wa kan tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwa la gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi í pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Ó ronú, ó ronú, ó ní àná, àbí ìjẹta. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ta ata tí idaji àdúgbò rẹ̀ fi se ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó wà láàrin wa, òun ló ní ká sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀kan nínú wa tó ní ọmọ ní Chicago mú ọ̀rọ̀ wá. Ọmọ yìí máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní, “Mọ́mì, tiyín kì í ṣe òtútù o, yìnyín ló wà lẹ́sẹ̀ wa níbí.” Ó ní oúnjẹ kan wà tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sè nígbà òtútù, wọ́n ń pè é ní chili. Ẹran màlúù, ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ nínú ìkòkò kan. Ó ní, “Ọbẹ̀ ata wa náà ni, Mọ́mì. Wọ́n kàn da ẹ̀wà sí i ni.” Ìyá fi ẹ̀wà olóyin gbìyànjú ẹ̀ wò nílé, ó gbé e wá sí ìsọ̀ nínú kúlà ní ìdájí ọjọ́ kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ kúlà. Kò sẹ́ni tó bèèrè mínírà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ebi ò rántí wa títí di aago méjì ọ̀sán.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ó jọ tiwa. Ata rodo, tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tòmátì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Kí Columbus tó wọkọ̀ ojú omi débẹ̀ ní 1492, kò sí ọ̀kan nínú wọn nílẹ̀ Yorùbá. Ataare àti iyèré làwọn baba ńlá wa fi ń se ọbẹ̀ tó ń ta lẹ́nu. Àwọn Potogí ló gbé ata dé etíkun wa, àwa la wá sọ ọ́ di tiwa débi pé ọbẹ̀ tí kò bá ta, a ò kà á sí ọbẹ̀. Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni orísun rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun ló bá lọ sí Amẹ́ríkà, títí dòní ni àwọn ènìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ apá gúúsù orílẹ̀-èdè náà ṣì ń se é jẹ lọ́jọ́ kìíní ọdún, pé kí ọdún lè san wọ́n. Ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n sábà ń fi sí chili, ẹ̀yà mìíràn nìyẹn. A ò nílò rẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn chili yìí tó kan ẹgbẹ́ wa. Kì í ṣe ilé oúnjẹ ńláńlá ló sọ ọ́ di olókìkí. Obìnrin ọjà ni. Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ìran Mẹ́síkò máa ń se é nílé lọ́sàn-án, wọ́n á fi ọmọlanke gbé e lọ sí gbàgede ìlú tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Wọ́n á tẹ́ tábìlì, wọ́n á tan fìtílà, olówó àti tálákà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á máa jẹun títí di òru. Nǹkan bí 1880 sí 1900 ni òkìkí wọn kàn jù. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ni Ọbabìnrin Chili. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ọjà àgbáyé ní Chicago ní 1893, wọ́n pa àgọ́ chili San Antonio síbẹ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wọn? Nígbà tí ìlú fẹ́ kọ́ ilé ìjọba sórí gbàgede wọn, wọ́n ní kí wọ́n kó lọ sí gbàgede mìíràn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, wolé-wolé dé. Wọ́n ní ibẹ̀ ò mọ́, wọ́n ní eṣinṣin ń bà lé oúnjẹ, wọ́n ní omi ìfọwọ́ ò tó. Òfin dé lórí òfin, títí wọ́n fi pa rẹ́ pátápátá kí 1945 tó pé. Ní gbogbo àkókò yìí, William Gebhardt, ọkùnrin ará Jámánì kan tó ń gbé Texas, ti ń ta ata gígún chili nínú ìgò láti àwọn ọdún 1890, ó sì ti rí towó ṣe. Ní 1977, ilé aṣòfin Texas kéde pé chili ni oúnjẹ ìpínlẹ̀ àwọn. Ìgbà yẹn, àwọn obìnrin tó ń tan fìtílà ti kúrò ní gbàgede tipẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ wolé-wolé yẹn sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ìkòkò kaná. Ìwọ̀n tí a ó dá yìí á tó ènìyàn mẹ́wàá, tàbí ilé ẹni márùn-ún fún ọjọ́ méjì.

Ẹ wá kílò méjì ẹran màlúù. Ẹ má sáré sídìí ẹran itan tó dán gbirin. Igẹ̀, ọrùn, ẹsẹ̀, ibi tó ní egungun àti iṣan, àwọn ni ẹran ọyẹ́. Bí wọ́n bá pẹ́ lórí iná jẹ́jẹ́, iṣan yẹn á yọ́ sínú omi, omi á ki, ọbẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ètè. Àwọn bàbá alápatà tó jókòó níwájú yìí ń mi orí, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ibi wọ̀nyẹn kì í wọ́n tó itan. Láti 2018 tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní kí àwọn alápatà Bódìjà kó lọ sí ilé ìpẹran ńlá ní Amósùn, ní Akínyẹlé, ẹran ń rin ìrìn díẹ̀ sí i kó tó dé ọwọ́ wa. Torí náà ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ tó sì ń rùn, ẹ dá a padà, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ẹ gé e tóbi bí ìkúùkù ọmọdé. Ẹ ṣàn án, ẹ kó o sí ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà kan tí ẹ rẹ́, iyọ̀, aáyù méjì mẹ́ta àti ata ilẹ̀ díẹ̀. Ẹ má tíì bu omi sí i. Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kí iná kéré, omi ara rẹ̀ á jáde, á sì fi omi náà hó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà yẹn lẹ ó wá bu omi tó bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ lọ ka owó ọjà yín.

Níbi ẹran rírọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan ń dùn wá. Àwọn kan wà, àwọn tó ń sè fún títà ni wọ́n pọ̀ jù, tí wọ́n ń ju parasitámọ̀ sínú ẹran kó lè tètè rọ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ fún wa lórí ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kídìnrín jẹ́. Tí gáàsì bá ń yín yín lọ́kàn, ẹ gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n wẹ́wẹ́, ẹ pa á mọ́ ẹran fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó gbé e kaná. Àwọn ìyá wa mọ èyí kí parasitámọ̀ tó dé. Ìbẹ́pẹ ò wọ́n.

Ata ló kàn. Tòmátì mẹ́wàá, tàtàṣé mẹ́jọ, ata rodo mẹ́jọ, àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta. Ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé kó dín ata rodo kù, ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn kó fi kún un. Tí ẹ bá ní ẹ̀yinná, ẹ kọ́kọ́ sun tàtàṣé lórí rẹ̀ kí èèpo rẹ̀ dúdú, kí ẹ bó èèpo yẹn kúrò. Òórùn èéfín tó bá kù lára rẹ̀ ló ń mú ọbẹ̀ yìí yàtọ̀ sí ọbẹ̀ ìrẹsì lásán. Tí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́tà, ẹ sọ fún un pé kó má lọ̀ ọ́ kúnná. Wóróworo la fẹ́.

Ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó ń kánjú lo máa ń fo ibí yìí, òun ló ń jẹ́ kí ọbẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìkòkò mìíràn kaná, ẹ da òróró sí i, ẹ da àlùbọ́sà tí ẹ rẹ́ sí i kó pọ́n, kí ẹ wá da ata sí i. Ẹ máa rò ó. Kò gbọdọ̀ jóná, kò sì gbọdọ̀ tutù. Tí òróró bá ti léfòó, tí ata ti ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ da irú wooro sí i pẹ̀lú ṣíbí kékeré ata gígún kan. Àwọn ará ọ̀hún ní èròjà gígún tiwọn tí wọ́n ń dà sí i níbí. Irú ni tiwa, a ò pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ata yìí, torí ọjà la wà. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ni tòmátì ń pọ̀, torí ìgbà náà ni oko tí wọ́n ń fi omi odò rin lókè lọ́hùn-ún ń so. Tó bá di oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje, ẹ mọ bí ojú ṣe máa ń rí. Ní 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, Kánò àti Kàtsínà, débi pé ìjọba Kàdúná kéde pàjáwìrì. Ní oṣù Kejì 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwa tí ẹnu ń jẹ lórí ata ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, ata tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín ní ọyẹ́ yìí, ẹ má jù ú. Ẹ là á, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ sá a sórí àtẹ, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eruku. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbẹ nǹkan ju oòrùn oṣù Kẹrin lọ.

A ti dé ìdí ẹ̀wà. Kọ́ńgò kan á tó. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sè é lọ́tọ̀ láìfi iyọ̀ sí i títí yóò fi rọ̀. Kò nílò káún. Ẹ má jẹ́ kó fọ́, torí ó ṣì ń lọ sínú ọbẹ̀.

Obìnrin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ ò ṣe lọ́tọ̀. Ó da ẹ̀wà sínú omi ẹran tó ti ń hó. Ó ti gbọ́ ìròyìn kúlà yẹn, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin náà jẹ ẹ́. Ó ra ẹ̀wà nínú ọjà tiwa níbí, lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Nígbà tó ń ṣà á, inú rẹ̀ dùn pé kò sí kòkòrò kan, kò sí ihò, kò sí eruku. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná, òórùn kan yọ. Ó kọ́kọ́ rò pé ará ilé kan ń fín oògùn ẹ̀fọn. Ó ṣí ìdérí, òórùn náà lu ú lójú. Ọmọ rẹ̀ kékeré ti gbé àwo dání lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ìkòkò, ó dà á sínú kòtò ẹ̀yìnkùlé, ẹran, ẹ̀wà, omi, gbogbo ẹ̀, ó sì bu erùpẹ̀ lé e kí ajá má baà jẹ ẹ́. Gaàrí ni wọ́n mu lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tó padà lọ sí ìsọ̀ tó ti rà á, oníbàárà rẹ̀ kọ́kọ́ sẹ́. Lẹ́yìn náà ló sunkún. Ọ̀kan nínú wa ni, a ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Ó ní kòkòrò ti sọ odindi àpò ẹ̀wà kan di ìyẹ̀fun mọ́ òun lọ́wọ́, owó àjọ lòun sì fi rà á. Ó dá owó ẹ̀wà padà, ó tún san owó ẹran mọ́ ọn. Àwa tí a jókòó sí ọ̀rọ̀ náà ò mọ ẹni tí a bá wí tán. Èyí tí kòkòrò jẹ ọjà rẹ̀, olùpàdánù ni. Èyí tó da ìkòkò nù, olùpàdánù ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbé àwo dání yẹn ò dá ẹnikẹ́ni ní gbèsè, òun ni ì bá jẹ ẹ́.

Oògùn tí wọ́n ń fín yẹn, dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún. Tó bá wọ inú ènìyàn, ènìyàn á máa làágùn, á máa bì, èémí á máa há, ó sì lè pa á. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà mọ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 2015, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà, torí oògùn yìí kan náà tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ẹ wá rántí àwọn Ọbabìnrin Chili. Wọn ò fín oògùn sí oúnjẹ, síbẹ̀ wolé-wolé rí wí sí wọn. Tí wolé-wolé bá bá dichlorvos lábẹ́ tábìlì tiwa ńkọ́? Kí la fẹ́ sọ?

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Àpò kan wà tó ní ipele mẹ́ta, wọ́n ń pè é ní PICS. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ènìyàn Kamẹrúùnù ló jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, tìtorí ẹ̀wà gan-an. Ọ̀rá nípọn méjì ló wà nínú, àpò lásán ló wà lóde. Ẹ ó sá ẹ̀wà gbẹ dáadáa, ẹ ó kó o sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ ó fún afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ jáde, ẹ ó dì í pinpin. Ẹ ó di ọ̀rá kejì, ẹ ó di àpò. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù, á sì kú. Kò sí oògùn kankan. Tí ọ̀rá bá ti lu, kò wúlò mọ́, torí náà ẹ má wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ kọ́ńgò mẹ́wàá péré, kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tó ní ìdérí líle náà á ṣe é, tí ẹ bá ti kún un dé ẹnu. Ẹ má gbàgbé pé níbí ní Ìbàdàn náà ni IITA wà, láti 1967. Irúgbìn ẹ̀wà oríṣiríṣi tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìmọ̀ ẹ̀wà ò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ ká parí ìkòkò, ó ń hó. Ẹ da ẹran àti omi rẹ̀ sínú ata díndín, ẹ da ẹ̀wà tó ti rọ̀ lé e. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ jẹ́ kí iná kéré jọjọ, kó máa hó pọ́tọ́-pọ́tọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa fi ọmọrógùn kan ìdí rẹ̀ nígbà dé ìgbà torí ẹ̀wà ń di ìdí ìkòkò. Tó bá ki jù, omi gbígbóná díẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń dùn jù. Ẹ̀kọ, búrẹ́dì, dòdò, ìrẹsì, gbogbo wọn ló bá a mu. Àwọn ìyá Dùgbẹ̀ kan ní àwọn á fi gbé àmàlà. A bá wọn jiyàn títí, ó rẹ̀ wá. Àwọn ará Texas pàápàá ń bá ara wọn jà lórí bóyá ẹ̀wà yẹ kó wọ inú ẹ̀, kí wá ni ti àmàlà?

Ohun méjì ló kù. Ẹ̀wà ń tètè kan, ọ̀sán ọyẹ́ sì ń mú. A ò lè gbọ́kàn lé fìríìjì pẹ̀lú bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe. Ẹ gbé e kaná lálẹ́ kó hó, ẹ tún gbé e kaná ní ìdájí kó hó, kí ẹ tó bù ú sínú kúlà. Ìkejì: ẹni tó ń fi èédú sè é, ẹ má gbé àdògán wọ iyàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí òtútù. Èéfín tí kò ṣeé rí ń pa ènìyàn lójú oorun. Ní ìsọ̀ náà, ẹ pa ẹ̀yinná kí ẹ tó lọ sílé. Pákó àti pépà ò fẹ́ iná púpọ̀ nígbà ọyẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, a gba ìbéèrè. Ìyá kan láti Challenge bèèrè bóyá èèyàn lè fi pọ̀nmọ́ dípò ẹran torí owó. A ní ẹ fi ìdajì-ìdajì, kí igẹ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ fún omi ọbẹ̀. Ẹnì kan láti Agbowó bèèrè iye tí àpò onípele mẹ́ta jẹ́. A ní owó rẹ̀ ń yí padà, a ó bèèrè kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, àti pé tí ènìyàn ogún bá jọ rà á pọ̀, á dínwó. Ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ ni ẹlẹ́wà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí. Ó ní mẹ́rin.